Ẹ Fi Ojo Kan Sẹ́yìn

Bí àlejò bá wọ Ìlẹ́gún, tó gbọ́ tí àgbà ń kìlọ̀ fún àwọn ọdẹ tó ń lọ sígbó pé, "Ẹ̀yin akin, ẹ fi ojo kan sẹ́yìn," yóò rò pé wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí ni akin fẹ́ fi ojo ṣe? Ẹ fara balẹ̀. Ẹnì kan ló jìyà ọ̀rọ̀ yìí kó tó di òwe fún wa.

Famúrewá ni onítọ̀hún, ọmọ Ìlẹ́gún tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kì í ju oúnjẹ lọ. Ọba Ìsàyà, ní òdìkejì òkè, ránṣẹ́ pè é kó wá jẹ oyè Ọ̀tún. Ìkìlọ̀ kan ló bá iṣẹ́ náà rìn: bí oòrùn bá wọ̀ kó tó dé ààfin, Ògúnṣuyì tí wọ́n jọ ń du oyè ni wọn yóò fi jẹ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, abẹ́ Àdòró ló sì gbà kọjá, ìyẹn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tó ga fíofío, tí kò ní igi lára. Láti ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń fi sùúrù rìn níbẹ̀ bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé. Ọyẹ́ á ti fa ilẹ̀ òkè ya, òjò á wọnú rẹ̀, bí oòrùn bá wá pa á lọ́sàn-án, a já wálẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kùtù hàì ni wọ́n ń kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo. Àwọn tó kù a dúró máa wo ẹni tó ń lọ, títí yóò fi nawọ́ sókè lódìkejì.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ oyè. Àmọ́ Famúrewá ò tètè jáde. Ó dé fìlà, ó ṣí i, ó tún un dé. Ó ní àwọn tó máa tẹ̀ lé òun ò tíì pọ̀ tó. Ìgbà tí wọ́n fi dé ẹ̀bá Àdòró, oòrùn ti kan àtàrí.

Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀ tó ru igbá obì ọba, kúnlẹ̀. Abẹ́ òkè yẹn ni wọ́n bí i sí.

"Olówó orí mi, ọ̀sán ti pọ́n. Bí a ò bá lè padà, ẹ jẹ́ ká kúkú kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Lọ́kọ̀ọ̀kan? Kí oòrùn wọ̀ mọ́ mi lórí? Kí Ògúnṣuyì gbọ́ pé mò ń dá rìn bí ẹni tí ìlú lé, lọ́jọ́ oyè mi?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fadáyọ̀mi tó ń fun fèrè níwájú ló rẹ́rìn-ín jù. Famúrewá na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀.

"Ojo! Jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ akin, kó tẹ̀ lé mi!"

Wọ́n wọ abẹ́ òkè wọ̀ọ́. Fèrè ń ké, wọ́n ń kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, òun náà ń jó. Wọn ò tíì dé àárín tí òkè fi dá sí i. Yéè! Ilẹ̀ ya, ó ṣàn wálẹ̀ gbìrìgbìrì, ó sì bá gbogbo akin níbẹ̀.

Nígbà tí Famúrewá máa lajú, ẹrẹ̀ ti mù ún dé ọrùn. Fìlà ti lọ, ọwọ́ ò ṣe é gbé. Àwọn yòókù rì dé ìbàdí, dé àyà, wọ́n ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ta. Kò sẹ́ni tó lè yọ ara rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀: ojo.

Ìbídùn wo òkè títí òkè náà fi dákẹ́. Ó da obì ọba nù, ó gbé igbá, ó wọnú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbà kọjá.

"Ìbídùn! Èmi rèé! Ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín, Bàbá. Mo sì ń gbọ́ yín. Ẹni tí n ò gbọ́ ni mò ń wá."

Ẹnu fèrè ló rí tó yọ síta. Ó fi igbá wa ilẹ̀ ibẹ̀ kíkankíkan títí orí Fadáyọ̀mi fi yọ. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fa ẹrẹ̀ jáde, ọkùnrin náà sín, ó mí. Famúrewá tó ń wò wọ́n bú sẹ́kún, nítorí ó ti yé e pé ká ní ìyàwó òun náà tẹ̀ lé òun ni, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ìbá kú sí. Obìnrin náà wá kọjú sí àwọn yòókù. Ẹni tó bá yọ a bá a yọ ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ ló yọ kẹ́yìn, torí òun ni ariwo rẹ̀ fi hàn pé ó le jù.

Oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó dé Ìsàyà. Ògúnṣuyì ti jẹ Ọ̀tún, ó ń pín ẹmu. Ọba wo ẹrẹ̀ ara Famúrewá.

"Ta ló yọ yín?"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ojo ilé mi ni."

Ní kùtù ọjọ́ kejì, wọ́n padà dé ẹ̀bá Àdòró. Ilẹ̀ tó kù lókè ṣì so rọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Fadáyọ̀mi ní ojo ni òun láti kékeré. Ẹlòmíràn ní ojo ni bàbá tó bí òun lọ́mọ. Famúrewá náà wúkọ́.

"Bóyá kí èmi dúró sẹ́yìn ná."

"Ká má rí i, Bàbá," Ìbídùn dá a lóhùn. "Akin ni yín. Ẹ máa lọ."

Famúrewá ká agbádá, ó ń fẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe òkè ló ń wò, ojo ló ń wò, bóyá ojú rẹ̀ ṣì wà lára òun. Ohun tí ará Ìlẹ́gún rí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ títí dòní: ẹ̀yin akin, ẹ fi ojo kan sẹ́yìn.