Aṣọ Mẹ́ta Lórí Okùn Kan

"Òfin tí yóò mú èmi Gbélẹ́yí, wọn kò tíì bí ẹni tí yóò ṣe é."

Bí Olóyè Gbélẹ́yí ṣe máa ń sọ nìyẹn ní ìletò Àgódò, a ò sì lè sọ pé kò gbìyànjú.

Àwọn Mùsùlùmí, àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn ológùn-ún ló jọ ń gbé Àgódò. Kálukú ń sin ohun tó ń sìn, ṣùgbọ́n òfin kan so gbogbo wọn pọ̀: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbẹ́ ojú àgbàrá iwájú ilé rẹ̀. Ilé Gbélẹ́yí wà lókè díẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ilé amọ̀ Sàbítíyù opó wà. Bí ojú àgbàrá Olóyè bá dí, ara ògiri opó yìí ni omi yóò gbà kọjá.

Baálẹ̀ fi iṣẹ́ náà sí ọjọ́ Jímọ̀. Gbélẹ́yí wọ jálàbíà, ó ní ọjọ́ ìrun ni. Wọ́n sún un sí ọjọ́ Ìsinmi nítorí rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ, ó ní kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa. Wọ́n tún sún un. Ó wọ aṣọ Ògún, ó so màrìwò mọ́dìí, ó ní ọ̀sẹ̀ Ògún ni, irin ń sinmi.

Sàbítíyù lọ bá a. "Bàbá, èwo lẹ ń sìn gan-an?"

"Èyí tó bá ní ìsinmi lọ́jọ́ náà ni."

"Ẹ dákun, ògiri mi ti sán. Bó bá wó, èmi àtàwọn ọmọ mi ò níbòmíì."

"Lọ bá Baálẹ̀. Òun ló lòfin."

Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó máa sìn. Inú ilé lẹ̀sìn wà, ìta làgbàrá wà." Ó ní kí wọ́n bá opó náà fi iyẹ̀pẹ̀ mọ odi kékeré yí ilé rẹ̀ ká. Olórí ìjọ, Lèmọ́mù àti àgbà ológùn-ún gbé ọkọ́ dé.

Olórí ìjọ ní, "Lèmọ́mù, ṣé ẹ ti kírun?"

"A ti kí i. Ẹ yé sinmi lé ọkọ́ yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò dé. Omi ya wálẹ̀, ó bá ojú àgbàrá Olóyè tó kún fún koríko. Ó fẹ́ gba ọ̀dọ̀ opó, odi kọ̀ fún un. Ni omi bá kún sẹ́yìn títí ó fi wọlé tọ Gbélẹ́yí, ó sì bá àpótí aṣọ rẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, gbogbo Àgódò rí i: jálàbíà, aṣọ ìjọ àti aṣọ Ògún lórí okùn kan ṣoṣo. Ẹrẹ̀ ti pa gbogbo wọn láró kan náà.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù kàn kí i pé, "Olóyè, ẹ kú aṣọ sísá."

Olórí ìjọ ní, "Èwo ni ká máa retí yín nínú rẹ̀ lọ́la?"

Gbélẹ́yí wọlé lọ. Ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ojú àgbàrá tirẹ̀, ó gbẹ́ ti Sàbítíyù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló po amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ojú ibi tó sán lára ògiri opó náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Sàbítíyù bu omi tútù fún un, ó mu ún lórí ìdúró, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn àgbà Àgódò ń wò ó láti òkèèrè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú òwe tí a ń pa dòní pé: òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá ni eji ń pa.