Àwẹ̀ró Fọ Owó Àtijọ́

— Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá ìyá rẹ̀ fi owó fàdákà kan sílẹ̀ fún un, owó ayé àtijọ́ tó ní orí ọba lára. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Òkété ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ. Ó ní, "Àwẹ̀ró, lọ́la ni màá mú abo màlúù wá fi gbà á."

Ojú ti Àwẹ̀ró láti gbé owó dúdú fún àlejò. Ó bu eérú, ó bu iyanrìn, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ń kọrin:

— Ha á, ha á, kó máa dán!
— Kó máa dán yinrin!

Òkété dé láàárọ̀. Ó rí owó náà. Okùn màlúù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Ta ló pa owó yìí?"

"Mo kàn fọ̀ ọ́ ni, bàbá."

"Imú ọba dà? Ojú ọba dà?"

Àwẹ̀ró wò ó. Orí ọba ti dán bí ẹyin.

"Háà! Ó ti ha ojú ọba dànù!" ni ọmọ kan kígbe láàárín àwọn tó ń gbọ́ àlọ́.

Ó ha á dànù, ọmọ mi.

Òkété ní, "Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ ara rẹ̀ ni!" Ó fa màlúù rẹ̀, ó lọ.

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ni Ọ̀bọ alágbẹ̀dẹ bá yọ sí i.

"Má sunkún. Màá gbẹ́ ojú ọba míì sí i, màá fi èéfín kùn ún. Gbé e lọ fún Ẹtu lódìkejì odò. Òun náà ń kó owó àtijọ́, kò ní mọ̀."

Ó gbẹ́ ẹ, ó kùn ún. Àwẹ̀ró gbé e lọ.

Ẹtu gbé owó náà lé àyà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a!" Ó fi okùn màlúù lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́.

Àwẹ̀ró na okùn náà padà sí i.

"Ẹ gbà á padà, Bàbá Ẹtu. Èmi ni mo ba owó náà jẹ́. Ojú tí ẹ ń wò yẹn, àná ni Ọ̀bọ gbẹ́ ẹ."

Ẹtu lanu sílẹ̀. "O ti gba màlúù tán, o wá ń sọ èyí fún mi?"

Ó gba okùn rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé àpótí owó àtijọ́ rẹ̀ jáde, ó gbé e lé Àwẹ̀ró nítan.

"Láti òní, ìwọ ni wàá máa bá mi tọ́jú wọn."

Ẹ̀yin ọmọ, ohun àtijọ́ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má kùn ún láti fi tan ẹlòmíì.

Ibi tí mo bá àlọ́ yìí dé nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi wúwo lọ́la.