Àpò Iyanrìn Abẹ́ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Akínlàbí gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀kún àpò iyanrìn kan kọjá orí lójú àwọn àgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní bá àwọn oníjàkadì ìlú lọ síbi ìdíje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àpò tó fi ń dárayá ò gòkè àyà rẹ̀ mọ́. Ó fi òwú pupa di ẹnu àpò kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú u, òwú ò já, síbẹ̀ àpò ń wúwo sí i.

Ó kọjú sí Gbénró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jìjàkadì. "Ìwọ lò ń bu iyanrìn kún un, o sì mọ òwú ú so padà. Ipò mi lò ń wá!"

"Èmi? Ó rẹ̀ ọ́, o wá ń wá ẹni tó o máa di ẹ̀bi rù!" Gbénró bínú lọ.

Ìyá àgbà Akínlàbí fọwọ́ tẹ àpò náà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó máa ń wà. Omi ń ro tó-tó-tó láti ìdí rẹ̀.

"Ìfura loògùn àgbà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àgbà a máa fura sí òjò kó tó fura sí ọ̀rẹ́."

Nígbà tí àwọn àgbà dé, Akínlàbí ti da iyanrìn tútù nù, ó sì ti bu gbígbẹ kún àpò. Ó gbé e kọjá orí bí ẹni gbé ìrọ̀rí.

Orúkọ rẹ̀ ti wọlé báyìí, inú yàrá sì ni àpò ń sùn. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, bí Akínlàbí bá kí Gbénró, kì í dá a lóhùn.