Ohun Tó Ń Pọ́n Ojú Tòlótòló

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fo ọgbà, ó fo àkìtàn, kò bà lé ẹlòmíràn, àfi Tòlótòló olójú ńlá, Àgbébọ̀ abiyamọ, àti Ẹtù olórí pípá. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ rọra o. Àlọ́ ìtìjú ni.

Ní àgbàlá ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró, Àgbébọ̀ pa ọmọ mẹ́jọ. Àwòdì gbé ọ̀kan. Àwòdì gbé ìkejì. Ó ń gbé wọn lọ bẹ́ẹ̀, títí ó fi ku mẹ́ta. Àgbébọ̀ kò lè sùn, kò lè jẹun. Ó ń wá ẹni tí yóò gba òun lọ́wọ́ Àwòdì.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ wọn wà níbẹ̀. Ẹtù ni. Ẹtù ló máa ń kọ́kọ́ rí Àwòdì, ni yóò bá figbe ta. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wòkè, ẹ wòkè!
*Kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́!*
Eléèékánná ń bọ̀ o!
*Kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́!*
Ẹ kó ọmọ yín mọ́ra!
*Kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́!*

Àmọ́ orí Ẹtù kéré, ó sì pá. Ojú rẹ̀ kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Bó bá ké, wọn á kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sá. Ibi ẹ̀rín yẹn ni ọmọ márùn-ún bá lọ.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ti ọjà dé, ó tú Tòlótòló sílẹ̀ nínú agbọ̀n. Yéè! Ojú rèé! Ẹran rọ̀ sórí ẹnu rẹ̀, ẹran rọ̀ sí ọrùn rẹ̀. Àjèjì ni, ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń wú.

"Ẹ wo ojú jagunjagun!" Pẹ́pẹ́yẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àgbébọ̀ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ dákun, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Àwòdì."

Kò sí ẹni tó bi í pé ogun wo ló jà rí. Ta ni yóò wo ojú àgbà tó le báyẹn, tí yóò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Nínú ilé wa níbí, ọmọ tó bá dán an wò á jẹ àbàrá. Tòlótòló fẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, èmi ò jagun rí." Ó la ẹnu. Àmọ́ wọ́n ti yà fún un nídìí àgbàdo pé kí Bàbá kọ́kọ́ jẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú àgbàdo.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àbí ẹ ò gbọ́ ọ rí?

Ní ọjọ́ kìíní, Àwòdì fò kọjá. Ó ti gbé eku há èékánná, kò ráyè. Wọ́n ní, "Ojú Bàbá ló lé e!"

Ní ọjọ́ kejì, Àwòdì bà lé orí igi ìbẹ́pẹ, ó wo Tòlótòló. Ojú Tòlótòló pọ́n kankan. Ara fu Àwòdì, ó padà. Gbogbo àgbàlá bú sí ijó. Ẹtù rọra sún mọ́ Àgbébọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ Bàbá yẹn ń gbọ̀n. Mo rí i."

"Ta ló bi ọ́?" ni Àgbébọ̀ wí. "Ìwọ olórí bí èkùrọ́! Má tún ké nínú àgbàlá yìí mọ́. Ariwo rẹ ń bu Bàbá kù."

Ẹtù lọ jókòó sẹ́yìn ìkòkò omi.

Ní ọjọ́ kẹta, Àwòdì bà lé orí ògiri gan-an.

"Ìwọ olójú pupa, ta ni ọ́?"

Ara Tòlótòló tún wú.

"Mo ní ta ni ọ́?"

Tòlótòló fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, ta ni ọ́?"

"Ẹ... ẹ jọ̀ọ́ o, àlejò lásán ni mí."

Àwòdì rẹ́rìn-ín, ó na ìyẹ́. Ẹtù kò lè mú un mọ́ra. Ó figbe ta:

Ẹ wòkè, ẹ wòkè!
*Kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́!*
Ẹ kó ọmọ yín mọ́ra!
*Kẹ́kẹ́ẹ̀kẹ́!*

Àgbébọ̀ gbọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Àmọ́ ojú Tòlótòló ló ń wò, ó ń retí kí Bàbá kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Ohun tí Bàbá ṣe ni pé ó ki orí bọ abẹ́ ọlọ, ìdí rẹ̀ wà níta. Kí Àgbébọ̀ tó bojú wẹ̀yìn, Àwòdì ti gbé èyí tó kéré jù lọ, èyí tí kì í sùn àfi lábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀.



Ojú ti Àgbébọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè sunkún. Ó rìn lọ sẹ́yìn ìkòkò omi.

"Àbúrò mi, o ké. Mo gbọ́. Ojú ẹlòmíràn ni mò ń wò."

Ẹtù ì bá sọ pé, "Ṣé mo sọ fún yín?" Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ó ku méjì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká wòkè."

Tòlótòló ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò bú u. Wọn ì bá tilẹ̀ bú u, ì bá sàn fún un. Ó fa ẹran orí ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kó fi bojú, kò bò ó tán.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, títí di òní, bí Àgbébọ̀ bá ń jẹun, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ojú kan wo òkè. Bí Ẹtù bá ké, Àgbébọ̀ kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ọmọ rẹ̀ ló ń kó. Ìdí nìyẹn tí ojú Tòlótòló fi ń pọ́n, kì í ṣe ti ẹ̀rù mọ́, ti ìtìjú ni. Bí ọmọdé bá súfèé sí i, á rò pé wọ́n ń bi òun pé, "Ta ni ọ́?" Á sáré dáhùn, "Èmi ò jagun rí! Èmi ò jagun rí!" Ó ti pẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí.

Èmi tí mò ń pàlọ́ yìí náà, mo ti pa ẹnìkan lẹ́nu mọ́ rí nínú ilé yìí, nítorí pé ojú rẹ̀ kò jọ mí lójú. Ẹ má bi mí ní orúkọ. Ó wà níbí, ó ń gbọ́.

Ibi tí mo gbé àlọ́ dé nìyí, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí ojú mi pọ́n ju ti Tòlótòló lọ. Bí mi ò bá sì purọ́, ẹ wojú mi náà: ó ti pọ́n.