Apá Ọrun Tí Kò Tẹ̀

"Ìyá, ẹ dìde kí á lọ. Lójú yín ni mo fẹ́ ti sọ fún un pé kó kó jáde nílé."

"Ta ni, Àlàó?"

"Àbúrò mi ni. Àbí àbúrò mélòó ni mo ní?"

"Ọ̀kan ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè."

"Ó ti di ọ̀lẹ. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò nàró mọ́. Bí mo bá bá a wí, ẹkún ni. Àgbà ọkùnrin! Lánàá, wọ́n bá a níbi tó jókòó sí láàárín ebè, ó ní agbára òun ti tán."

"Ìwọ náà wà lóko?"

"Èmi kẹ̀? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò máa gba àlejò, Ìyá. Èmi ni àkọ́bí."

"Lóòótọ́. Jókòó ná. Ọyẹ́ ṣì mú, jẹ́ kí oòrùn yọ."

Obìnrin arúgbó náà, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, fa aṣọ bo èjìká. Kùrukùru ló ń wò nínú àgbàlá, bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó ní:

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan létí igbó. Ó ti gbéyàwó, ó ti kọ́lé, ṣùgbọ́n kò ní ọrun. Níbẹ̀, a kì í yá ọrun, a kì í sì í rà á. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ọdẹ wọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọrun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni yóò gbé wá. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ, òun a jókòó sílé, a máa gbọ́ ohùn wọn títí ohùn náà yóò fi dà bí ohun tí ó gbọ́ lójú àlá. Ó wá ní lọ́dún yìí, òun náà yóò lọ.

Ó wọ inú ìkùukùu lọ láàárọ̀, ó rí ọ̀dọ́ àtòrì kan tó dúró gbọnrangandan láàárín àwọn igi ńlá. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ igi náà rọra ń mì. Ọkùnrin náà dúró tì í. Ó ní, "Jọ̀ọ́, tẹ̀ lé mi." Ó gé e, ó bó èèpo rẹ̀, ó gbé e sórí àjà kí èéfín máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sùn, a máa lálàá pé igi náà tún ti hu ewé.

Nígbà tó gbẹ, ó fi ọ̀bẹ ha á, ó so okùn mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ó fà á. Apá òkè tẹ̀ kọdọrọ. Apá ìsàlẹ̀ kò mira, ó nàró bí òpó. Inú bí i sí apá òkè. Ó yan án lórí iná kí ó lè le, ó sì tún fà á. Apá òkè tún tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì ké bí ẹni tó ń ráhùn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni àwọn ọdẹ ń lọ.

Àgbà ọdẹ kan ń kọjá. Ó dúró.

"Èwo lò ń bá jà nínú àwọn méjèèjì?"

"Èyí tó ń tẹ̀ yìí, Bàbá. Kò lágbára."

"Èyí tó ń tẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń sùn. Ẹrù ẹni méjì lo dì ru ẹnì kan."

"Kí ni kí n wá ṣe sí i?"

"Sí i kẹ̀? Má fọwọ́ kàn án mọ́. Igi kì í ṣe amọ̀. Ohun tó bá ti kúrò lára rẹ̀, a kì í lẹ̀ ẹ́ padà. Ara èyí tó le ni kí o fi ọ̀bẹ sí."

"Èyí tó dúró dáadáa yìí?"

"Ọ̀pá lásán pàápàá a máa dúró dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó ha apá tó le ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èérún igi ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìyẹ́ àdàbà. A ha á, a fà á wò, a tún ha á. Nígbà tó ṣe, apá tó le dà bí ẹni tó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Àwọn méjèèjì wá tẹ̀ pọ̀, bí apá àṣá tó ń rá bàbà lójú sánmà. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà bá wọn wọ inú ìkùukùu lọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ohùn wọn.

Obìnrin arúgbó náà wá kọjú sí Àlàó.

"Bàbá yín fi oko kan sílẹ̀ fún ọmọ méjì. O ní ẹ̀yìn àbúrò rẹ kò nàró. Báwo ni yóò ṣe nàró, nígbà tí ìpín tìrẹ wà lórí rẹ̀? Gbogbo ìgbà tí o bá a wí, iná lo fi ń yan án. Bí o bá lé e jáde lónìí, Àlàó, ta ni yóò kù tí yóò máa tẹ̀ fún ọ? Àìsí ẹrù lórí rẹ ló jẹ́ kí o nàró, má pè é ní agbára." Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀. "Oòrùn ti yọ. Ṣé kí n dìde?"

Àlàó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì kọjú sí ọ̀nà oko. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó yíjú padà.

"Ẹ jókòó yín, Ìyá. Ẹ ṣáà yá mi ní ọkọ́ yín. Tèmi ti dógùn-ún."