Ìbọn Kò-sẹ́bẹ̀

Bàbá Mojírọ́lá, ẹ dúró ná. Mo rí i pé ẹ ti ṣí fìlà, mo sì mọ ohun tí bàbá tínú ń bí máa ń ṣí fìlà sọ sí ọmọ. Kí ègún yẹn tó jáde lẹ́nu yín, ẹ gbọ́ ti ọkùnrin kan.

Ọkùnrin náà ń dáko lápá Ìganna. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ògbójú ọdẹ fi ìbọn mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Èyí tó kéré wà fún ẹyẹ tó ń ṣa ọkà jẹ. Èyí àárín, ọlọ́ta wẹ́wẹ́, wà fún ọ̀yà àti òkété. Èyí ńlá wà fún ẹfọ̀n nìkan, òun sì ni bàbá sọ lórúkọ: Kò-sẹ́bẹ̀. Ọmọ rò pé oríkì ni. Ló bá ń fi yangàn káàkiri.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀yà wọ inú àgbàdo rẹ̀, ó gé e lulẹ̀ lọ súà. Ìyàwó rẹ̀ na ìbọn àárín sí i.

Ó ní, "Èyí kẹ̀? Ọ̀yà tó rí mi fín báyìí? Kò-sẹ́bẹ̀ ni màá fi dá a lóhùn!"

Ìyàwó ní, "Olówó orí mi, ọ̀yà mà ni o, kì í ṣe ẹfọ̀n."

Kò gbọ́. Ajá rẹ̀ ti wọ inú koríko, ó ń lé ọ̀yà náà bọ̀. Koríko mì, ó yìnbọn. Gbòà! Ọta ẹfọ̀n la ọ̀yà kọjá, ó bá ajá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹran ọ̀yà fọ́n ká, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ ṣà sínú ìkòkò. Ajá tó tọ́ láti kékeré nà gbalaja sílẹ̀.

Ọkùnrin yìí kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún. "Dákun, dìde. Mo bẹ̀ ọ́." Ìgbà yẹn ló tó yé e pé bàbá òun ò fi orúkọ yẹn ki ìbọn, ó fi ń kìlọ̀ ni. Ọta ò mọ ọ̀tá.

Bàbá Mojírọ́lá, ọmọ yín já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín lójú àlejò. Kò dáa, mi ò sì níí gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀yà lèyí. Ẹ bá a wí, kó gbóná létí rẹ̀. Ègún bàbá ni Kò-sẹ́bẹ̀. Bó bá fi lè jáde, ẹ̀yin gan-an lẹ óò kúnlẹ̀ tì í. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ẹ dé fìlà yín. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ẹ pè é wọlé.