Agégẹdú Tó Dá Igi Padà Sínú Odò

Agégẹdú kan wà tí apá rẹ̀ le, tí ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ kì í sinmi. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ìlú rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ẹja àrọ̀ a máa gòkè odò náà wá láti yé ẹyin, gbogbo ìlú a sì máa fi ẹja jẹun títí di ọ̀gbẹlẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́ta, ó gé gbogbo igi bèbè odò náà tán. Kò sí ẹni tó bá a wí, nítorí igi ọ̀hún ni ìdajì ìlú fi kan òrùlé. Ṣùgbọ́n oòrùn bọ́ sójú omi, ilẹ̀ pupa ya wọ inú rẹ̀, odò di ẹrẹ̀. Àkọ́rọ̀ rọ̀, ẹja kò wá. Ọdún kejì, wọn kò wá.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń yìn ín. Kò ní ayé ló bàjẹ́. Ó jáde sí gbangba, ó bẹ ìlú, ó ní ọwọ́ òun ló bà á jẹ́, ọwọ́ òun náà ni yóò tún un ṣe. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ó wọ inú odò lọ tòun ti àáké àti okùn. Ó wọ́ gbogbo ìtì igi tó ṣubú dábùú omi jáde, ó kó ẹ̀ka, ó kó ewé, títí odò fi mọ́ bí àgbàlá tí ìyàwó tuntun gbá. Òjò dé. Omi sáré kọjá láìdúró níbì kan, ẹja kan kò sì sí. Ọkùnrin náà jókòó, ó sunkún.

Ìyá arúgbó kan tó ti ń fi ìgèrè pa ẹja níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ bá a lórí ìjókòó. Ó bi í pé ta ló ní kó kó igi kúrò. Ọkùnrin náà ní kò sí ẹnì kan, òun rò pé ìdọ̀tí ni.

Ìyá ní, “Ọmọ mi, o bẹ gbogbo ìlú, o ò ro ti ẹja. Abẹ́ ìtì wọ̀nyẹn ni omi ti ń rọra, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. O gbá yàrá ìbímọ tán, o wá kó ẹní dànù.”

Ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó ì bá bínú. Òun ní kí ìyá wá fi ibi tí ìtì kọ̀ọ̀kan wà han òun. Ó wọ́ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbin igi sí bèbè. Ọdún mẹ́rin ló fi ń lọ wo odò ní àkọ́rọ̀, tí ó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ti di ọkọ odò. Ní ọdún karùn-ún, ìyá ránṣẹ́ pè é. Ìrù dúdú kan ń lu omi lábẹ́ ìtì. Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ìyá na ìgèrè sí i, ó kọ̀ ọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n yé ná.”

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ìyàwó rẹ kó jáde, o sì gbà pé o jẹ̀bi. Mo yìn ọ́ fún un. O ní o ti kun ilé lọ́dà, o sì ti ní kí àbúrò rẹ̀ má wá mọ́, nítorí o rò pé òun ló ń kó ariwo wọlé. Ilé mọ́, kò sì sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Lọ bi ìyàwó rẹ léèrè ibi tó máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tí ilé bá gbóná. Ohun tó bá sọ, fọwọ́ ara rẹ wọ́ ọ padà. Kí o wá ní sùúrù. Lọ́jọ́ tó bá sì wọlé, má tíì béèrè ọbẹ̀.